Ṣé mo nílò pámíìtì kí n tó yin ìbọn àgbá tèmi ní Texas?

OmoOde_TX: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ra ìbọn àgbá kékeré kan, wọ́n rọ ọ́ bíi tàtijọ́, ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù bọ̀ ọ́. Bàbá mi máa pé 80, ọdẹ ni wọ́n nílé kí wọ́n tó wá síbí, mo sì fẹ́ yìn ín fún wọn lọ́jọ́ ìnáwó, ẹ̀tù nìkan o, kò sí ọta. Ṣé ATF (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìbọn àti ohun abúgbàmù) ló máa fún mi ní láísẹ́ǹsì ni àbí ọlọ́pàá àdúgbò?

Akande_Dallas: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìbọn yẹn fúnra ẹ̀. Lójú òfin ìjọba àpapọ̀, ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu tí kì í lo kátíríìjì (ọta tí ẹ̀tù ti wà nínú ẹ̀), tí wọ́n rọ ní 1898 tàbí ṣáájú, àtèyí tí wọ́n rọ lónìí láti jọ ọ́, antique (ohun àtijọ́) ni wọ́n kà á sí, kò sí pé ẹ ń forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀tù dúdú tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ lè ra èyí tó wúwo tó páùn 50 láìgba láísẹ́ǹsì, tó bá jẹ́ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ fi ṣeré tàbí ṣe àṣà. Ọta tó ń bú gbàmù nìkan ni kẹ́ẹ má dán wò láé, ìyẹn ti di ohun ìjà ogun.

IyaIbeji: Kò tíì parí síbẹ̀ o. Ibi tẹ́ẹ ti fẹ́ yìn ín ló ni ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ló lófin tiẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yìnbọn láàárín ìlú, ti ariwo tún wà lọ́tọ̀, tó bá sì jẹ́ ìgbà ọ̀dá tí káúńtì (ìjọba ìbílẹ̀) ti fòfin de iná dídá níta, iná ẹnu àgbá lè ran koríko gbígbẹ. Ẹ pe ọ́fíìsì ìlú àti fire marshal (ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná), ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ímeèlì dá yín lóhùn, kẹ́ẹ sì sọ fún ṣẹ́ríìfù (ọ̀gá ọlọ́pàá káúńtì) lọ́jọ́ náà torí aládùúgbò tó bá gbọ́ ìró ẹ̀, 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, ló máa pè.

Peckham_Boy: Ẹni tó bá wà ní Britain, ẹ má tẹ̀lé ìyẹn o! Níbí, àgbá àtijọ́ tẹ́ẹ gbé kalẹ̀ bí ọ̀ṣọ́ ò nílò ìwé, àmọ́ tẹ́ẹ bá ti fẹ́ yìn ín, òfin ìbọn tí wọ́n ń pè ní Firearms Act 1968 ti mú un. Tí inú ẹ̀ bá dán, tí ihò ẹ̀ ò ju ínǹṣì 2, tí ọ̀pá ẹ̀ sì gùn tó ínǹṣì 24, shotgun certificate (ìwé àṣẹ ìbọn ṣakabùlà) ti tó, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, firearm certificate (ìwé àṣẹ àwọn ìbọn yòókù) ni, ìyẹn sì le gan-an. Ẹ̀tù tún níwèé tiẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Akande_Dallas: Ẹ má sì kó o sínú kọ̀nténà lọ Nàìjíríà o, òfin ilé ò gba aráàlú láyè láti ní àgbá ogun àyàfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ẹ bá yìn ín tán, ẹ fi fóòmù tútù nu inú ẹ̀ dáadáa kẹ́ẹ tó tún ki òmíràn, ẹyín iná kékeré tó bá kù níbẹ̀ lè gbaná mọ́ yín lọ́wọ́.

OmoOde_TX: Ẹ ṣé gan-an. Ilẹ̀ àbúrò mi tó wà lẹ́yìn ìlú la máa lò, fire marshal ni mo máa kọ́kọ́ pè ní Mọ́ńdè.