Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: PhD lórí iyùn inú omi tó rú

Ọmọ_Kúbwà: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Zaria ni mo ti ṣe master's, omi adágún tó ń rú lásìkò òjò ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní báyìí PhD ni mo fẹ́ ṣe, lórí òkìtì iyùn (coral reef) tó wà létí òkun níbi tí omi ò ti mọ́. Kò sówó lọ́wọ́, àfi sikọ́láṣíìpù. Ibo ni kí n kọ̀wé sí?

ÌyáÌbejì_Lugbe: Ṣé iyùn tí àwọn ọba wa ń wọ̀ sọ́rùn ni? Mo rò pé omi tó mọ́ gaara ló máa ń gbé.

Ọmọ_Jos: Mọ́mì, ẹbí ni wọ́n, àmọ́ iyùn pupa tọba, òkun Mediterranean ni wọ́n ti ń wà á, kì í kọ́ òkìtì. Àwọn tó ń kọ́ òkìtì ní ewé omi tíntìntín nínú ara wọn tó ń fi oòrùn se oúnjẹ fún wọn, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń rò pé omi mímọ́ nìkan ló bá wọn lára mu. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó, wọ́n á máa mú ẹ̀dá wínníwínní inú omi jẹ, wọ́n á sì máa fi ikun ara wọn ti ẹrẹ̀ kúrò. Singapore ni mo wà báyìí. Lọ́jọ́ tómi bá rú, tí mo bá nawọ́ mi ò ní rí ìka mi, màá fọwọ́ fẹ́ omi sí nǹkan tó dà bí òkúta lásán, ẹrẹ̀ á gbéra, iyùn á yọ lábẹ́ ẹ̀. Àbúrò, NUS àti NTU, yunifásítì 2 tó wà níbí, ni kó o kọ́kọ́ wò, SINGA, sikọ́láṣíìpù Singapore fáwọn àjèjì tó ń ṣe PhD, lè san owó ilé-ìwé àti owó oṣù fún ẹ tó ọdún 4.

Bọ̀dá_Gwarinpa: Má gbàgbé James Cook University ní Townsville, Australia. Magnetic Island àti Paluma Shoals, níbi tí òkìtì iyùn wà nínú omi rírú, ò jìnnà síbẹ̀, atẹ́gùn ló ń ru ẹrẹ̀ ibẹ̀ sókè. RTP ni sikọ́láṣíìpù ìjọba wọn, àjèjì náà lè gbà á. ZMT, ilé ìwádìí nípa òkun ilẹ̀ olóoru, wà ní Bremen, Jámánì. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa o, supervisor ni kó o kọ́kọ́ wá kó o tó kún fọ́ọ̀mù kankan, má sì kọ̀wé pé sikọ́láṣíìpù lò ń wá. Awo dúdú-funfun Secchi yẹn tó o ń sọ̀ kalẹ̀ sínú adágún títí tó ò fi rí i mọ́, nọ́mbà ìjìnlẹ̀ tó o kọ sílẹ̀ níbẹ̀, òun ni kó o fi ṣíde lẹ́tà, torí ọ̀pọ̀ tó ń kọ̀wé sí wọn ò tíì wọn omi rírú rí. Má sì sanwó fún ejẹ́ńtì. Ọ̀kan ní Wuse gbowó lọ́wọ́ mi ní 2019, lẹ́tà ayédèrú ló kó lé mi lọ́wọ́, ó dùn mí títí dòní.

ÌyáÌbejì_Lugbe: Ṣé o mọ ìwẹ̀ odò wẹ̀ ṣá?

Ọmọ_Kúbwà: Mi ò mọ̀ ọ́n, mọ́mì, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọmọ_Jos: Kọ́ ọ láti ìsinsìnyí. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa ló ń wọmi, àwọn kan ń fi páìpù fa ẹrẹ̀ àti iyùn àtijọ́ jáde láti ìsàlẹ̀, àwọn míì ń tọ́ iyùn tó wà láàyè nínú táǹkì.

Ọmọ_Kúbwà: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ lẹ́tà 2 lálẹ́ yìí, nọ́mbà Secchi mi ló wà lókè pátápátá. Sátidé ni màá lọ béèrè owó ìkọ́wẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí wa.