Maître principal tó wá bá wa jókòó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú ìjókòó o. Ológun tó ní ìràwọ̀ léjìká ni gbogbo ayé ń rí. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ẹlòmíì: maître principal, àgbà láàárín àwọn ológun ojú omi tí kì í ṣe ọ́físà.

Nígbà tí bàbá wa jáde láyé, àbúrò mi ọkùnrin wà lórí òkun pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn ológun ojú omi, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ẹbí ti ń dé láti Kétu. Mo bá wọ mọ́tò ní Wàndó, ó di Kùtọnu. Ọ́físà ni mo ní lọ́kàn láti rí, ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró lẹ́nu géètì ibùdó àwọn ológun ojú omi ní, "Tàntí, ẹ kọ́kọ́ rí maître principal. Bàbá wa nìyẹn."

Ọkùnrin náà ti hewú. Ó ní kí n jókòó, kí n mumi ná. Bí mo ṣe dárúkọ àbúrò mi, ó ní, "Ti ìdí ẹ̀rọ? Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ." Ó dé fìlà rẹ̀, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ. Nígbà tó jáde, ó ní wọ́n ti ránṣẹ́ sínú ọkọ̀, àti pé òun ti rí ẹni tí yóò dúró fún un. Àbúrò mi bá wa sin bàbá wa.

Bàbá yìí wá síbi ìsìnkú. Búbá àti ṣòkòtò ló wọ̀, orí ẹní ló jókòó sí láàárín àwọn àgbà, ó sì pe ìyá wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi wọ́n pé ta ni yóò máa ra oògùn wọn báyìí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ipò àwọn èèyàn wọ̀nyí. Wọn kì í ṣe ọ́físà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti gun òkè wá: second-maître, maître, premier maître, kí wọ́n tó di maître principal, ní Faransé, major ló tún wà lókè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè a wá mú ẹnì kan ṣoṣo nínú irú wọn ṣe àgbà gbogbo wọn. Kì í pàṣẹ ogun. Ibùdó dé ibùdó ló ń lọ, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, owó oṣù, ẹ̀kọ́ àti ìdílé, tó sì ń gbé e dé iwájú olórí ológun ojú omi láìbu ọ̀rọ̀ kù. Amẹ́ríkà dá tiwọn sílẹ̀ ní 1967. Delbert Black ni wọ́n kọ́kọ́ fi síbẹ̀, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ogun Maryland nígbà tí Japan kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, ní 1941.

Ìyáálé agboolé ni mo fi wọ́n wé. Kì í ṣe òun ni baálé, ṣùgbọ́n baálé tí kì í bi í léèrè kò ní mọ ìyàwó tí ebi ń pa. Ní ti òfin, ọmọdé ọ́físà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ ju bàbá olórí ewú yìí lọ, bàbá ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i. Àbúrò mi ní ọ́físà tó bá gbọ́n a máa pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó fẹnu kan ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ inú ọkọ̀. Mo gbà á gbọ́, torí ojú mi ló ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí ọkọ nínú iṣẹ́ yìí, ní Kùtọnu tàbí ní Èkó, ta ni irú bàbá bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín, kí ló sì ṣe fún yín?