Mọ́nítọ̀ ńlá fún ìje ọkọ̀ nínú yàrá kékeré: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Awakọ̀ Bàsírì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mo wà, ní àdúgbò Bàsírì. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń fi sítíárìn Logitech G29 wa ọkọ̀ ìje lórí kọ̀ǹpútà. Géèmù Assetto Corsa àti iRacing ni mo ń lò jù. Mọ́nítọ̀ íńṣì 24 kan ṣoṣo ló wà níwájú mi, orí tábìlì tí mo de sítíárìn mọ́ náà ló sì dúró sí. Tí mo bá ti dé kọ́nà La Source ní Spa, pápá ìje ọkọ̀ ilẹ̀ Belgium, tó yí bí ẹni tó fẹ́ padà sílé, inú òkùnkùn ni mo ń yà sí: ibi tó yẹ kí n máa wò ti kọjá etí mọ́nítọ̀. Ẹni tó bá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìgbà tó bá gbá mi ni mo tó ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

₦800,000 ni mo kó jọ. Mò ń rò ó bóyá kí n ra tòkunbọ̀ íńṣì 32 mẹ́ta, tàbí kí n wá ultrawide (mọ́nítọ̀ tó fẹ̀ gbọọrọ) íńṣì 49 kan, tàbí kí n kúkú ra tẹlifíṣọ̀n 55 kí ìyàwó mi náà lè máa fi wo fíìmù. (Òun ló dá àbá yẹn, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.) RTX 3060 ni graphics card mi, ìyẹn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán. Yàrá kejì ni mo ń lò, kò fẹ̀ rárá. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Olósùnta

Ra 32 mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ti parí. Òun ni mo ń lò ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, mi ò kábàámọ̀ ọ̀.

Bàbá Ìbejì

Ọmọ Olósùnta, ilé tí ìwọ kọ́ fúnra rẹ lò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní yàrá òun ò fẹ̀ lò ń gbà nímọ̀ràn.

Àbúrò, fi íńṣì sílẹ̀ ná, lọ mú téèpù. Íńṣì tí wọ́n ń kọ sára páálí, láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ lódìkejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìbú. Ìbú mọ́nítọ̀ 27 tó bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Ti 32 jẹ́ bíi 71. Ti tẹlifíṣọ̀n 55 jẹ́ bíi 122. Ojú rẹ ò sì mọ sẹ̀ǹtímítà o, bí nǹkan ṣe gba àyè tó nínú ìran ló mọ̀. Gbé 27 sí 60 sí ojú rẹ, yóò gba bíi dígíríì 53. Gbé 32 sí 71, dígíríì 53 náà ni. Gbé tẹlifíṣọ̀n 55 sára ògiri, kí o jókòó ní mítà kan lé díẹ̀, bíi 120, a tún padà sí 53 yẹn náà. Ẹni tó ra 55 tó sì jókòó sọ́nà jíjìn, 27 ló rà, àfi pé owó tẹlifíṣọ̀n ló san.

Nítorí náà, dá mi lóhùn: báwo ni ojú rẹ ṣe jìnnà sí mọ́nítọ̀ yẹn tó báyìí? Àti pé, láti ògiri dé ibi tí àyè pin sí, mélòó ni?

Awakọ̀ Bàsírì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n tán. Ojú mi sí mọ́nítọ̀ jẹ́ 85, torí sítíárìn ló wà láàárín. Láti ògiri dé wọ́dúróòbù, 148.

Bàbá Ìbejì

Ó dáa. 24 tó wà ní 85, dígíríì 35 péré ló fún ọ. Ihò kọ́kọ́rọ́ lo ti ń yọjú wo Spa láti ọdún tó kọjá.

Wo 32 mẹ́ta wàyí. Kí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọ dáadáa, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ ní bíi dígíríì 54. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ yẹn, láti etí òsì dé etí ọ̀tún yóò gba bíi 155. Ìwọ ní 148. 27 mẹ́ta ní 60, ìtẹ̀sí kan náà, bíi 132 ni yóò gbà. Ohun tí o máa rí kò sì yàtọ̀: dígíríì 53 lọ́nà mẹ́ta, ó fẹ́ ẹ̀ tó 160.

Ọmọ Olósùnta

Kó gbé wọ́dúróòbù kúrò.

Awakọ̀ Bàsírì

Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ni wọ́dúróòbù náà ló dá àbá tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ ká rọra.

Ẹ̀gbọ́n Ajílọ́sùn

Ẹ má tíì ju 49 nù o. Òun ni mo ní. Gíga rẹ̀ àti ti 27 dọ́gba, ìbú rẹ̀ dà bí ìgbà tí o to 27 méjì pọ̀ láìsí férémù láàárín. Wáyà kan, ìdúró kan, kò sí pé ò ń tò wọ́n títí igun wọn yóò fi bára mu. Ní 65, mò ń rí bíi 85 sí 90 dígíríì. Fún ẹni tó ń dá sáré kí àkókò rẹ̀ lè dínkù, ó tó gedegbe.

Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún ọ: ẹni tó bá fẹ́gbẹ́ kẹ́gbẹ́ pẹ̀lú mi, mi ò rí i. Ìkejì, bó bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà láti Ìkẹjà, wọ́n tẹ́ páálí rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja nínú mọ́tò, wọ́n wá gbé àpò iṣu lé e. Mo ṣí i nílé, ìlà bí ẹsẹ̀ adìyẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ta ni mo fẹ́ mú? Mọ́nítọ̀ yòówù tí o bá rà, ìnàró ni kó wà títí yóò fi dé, kí o sì ra àyè ìjókòó fún un bí èèyàn tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìwòròkò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ iṣẹ́ tí graphics card máa ṣe. Mọ́nítọ̀ 1080p (1920 × 1080) mẹ́ta, bíi mílíọ̀nù 6.2 píksẹ́ẹ̀lì, àwọn tótòtó tó para pọ̀ di àwòrán, ni yóò máa yà lẹ́ẹ̀kan. Ultrawide 49 tó jẹ́ 5120 × 1440, mílíọ̀nù 7.4. Tẹlifíṣọ̀n 4K, 8.3. 1440p (2560 × 1440) mẹ́ta, ó lé ní mílíọ̀nù 11. RTX 3060 ẹ̀gbọ́n máa gbé 1080p mẹ́ta láìmí gúlegúle. Ti 1440p, wọ́n á ní láti dín òjìji, koríko àti àwọn èrò tó ń wòran kù. Àwọn èrò yẹn kò sì sanwó wọlé.

Àbùkù 1080p lórí 27 ni pé ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ máa rí píksẹ́ẹ̀lì bí ẹní wo nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Ẹ̀ ń rí i tí ẹ bá jókòó lásán. Tí ìje bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi kì í rántí mọ́.

Ẹ má ra oríṣiríṣi o. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ irú kan náà, Hz (iye ìgbà tí àwòrán ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kan náà, ó kéré tán 100 Hz. Tí ẹ bá sì tò wọ́n tán, ẹ wọ inú géèmù lọ sọ fún un pé mọ́nítọ̀ mẹ́ta ni, kó ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. iRacing àti Assetto Corsa ní àyè rẹ̀: ẹ ó kọ ìbú, ẹ ó kọ bí ó ṣe jìnnà sójú, ẹ ó kọ igun. Bí ẹ bá fo ìyẹn, àwòrán kan ni yóò nà káàkiri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á máa fà bí ilá.

Adé PS

PS5 ńkọ́? Èmi ò ní kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Ìwòròkò

Ojú HDMI kan ló wà lẹ́yìn PS5, ẹ̀gbọ́n. Tiyín ni tẹlifíṣọ̀n. Ẹ gbé e súnmọ́ra, kí ẹ sì tan game mode rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ó ti yí sítíárìn tán kí àwòrán tó gbọ́.

Ìyá Sólà

Mo rò pé ẹ ò ní béèrè nípa iná ni. Èmi ni mo ń fi ínfátà sílé fún àwọn èèyàn láti Ìdó dé Ìjerò. Àbúrò mi, kọ̀ǹpútà rẹ tó ní RTX 3060 lè máa jẹ tó 300 wáàtì tó bá ń sáré. 27 mẹ́ta, ká fi 30 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 90. Ká pè é ní 400. Bátìrì olómi 12V 200Ah kan gba 2,400 wáàtì-wákàtí lórí ìwé, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí o lò tí o kò bá fẹ́ kó tètè kú, ínfátà fúnra rẹ̀ á sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìje kan rèé, a ò tíì tan fáànù. O ò sì ní lè má tan fáànù pẹ̀lú mọ́nítọ̀ mẹ́ta tó yí ọ ká.

Ohun tó ń pa mọ́nítọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í ṣe àìsí iná, dídé iná ni. Àbúrò ọkọ mi sun àdápútọ̀ méjì lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n dá iná padà, ó dé pẹ̀lú ipá. Ra sitabiláísà gidi. Bí iná bá lọ, yọ wọ́n nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, bó bá dé, ní sùúrù bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó ki wọ́n bọ̀ ọ́.

Awakọ̀ Bàsírì

Ẹ ṣeun, mà. Bátìrì kan náà ni mo ní. Mi ò rò ti fáànù rárá.

Ọ̀rọ̀ 27 ti ń wọ̀ mí létí. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ dé 60? Sítíárìn wà lójú ọ̀nà.

Oníwẹ́dà Òkè-Ìlà

Mi ò mọ géèmù, irin ni mo mọ̀, mo sì ti ṣe méjì irú rẹ̀. Má gbé mọ́nítọ̀ ka orí tábìlì mọ́. Sítíárìn yín yẹn máa ń gbọ̀n, tábìlì á gbọ̀n, mọ́nítọ̀ mẹ́ta á máa jó níwájú rẹ. Páìpù onígun mẹ́rin la ó fi jó ìdúró ọ̀tọ̀ tó máa dá dúró nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gba abẹ́ tábìlì wọlé. Mọ́nítọ̀ á wá rọ̀ sókè ìdí sítíárìn, o lè fà á súnmọ́ ọ bó ṣe wù ọ́.

Kí o tó sanwó mọ́nítọ̀, yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kí ihò mẹ́rin wà níbẹ̀, mílímítà 100 sí 100. Òmíràn kò ní, ìyẹn á kó wa sí wàhálà. Bóòtù M4 ló ń wọ̀ ọ́, má jẹ́ kó gùn jù, ẹnì kan ti dè é títí ó fi gún inú. Ihò tó wà lára irin, gígùn ni mo máa ń gé e, kì í ṣe róbótó, kí o lè gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè díẹ̀ tí kò bá dọ́gba. Kò sí èyí tó ń dọ́gba lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Ìbejì

Ọ̀gá wẹ́dà ti sọ òótọ́. Ohun kan ló kù. Ọjọ́ tí o bá kọ ìwọ̀n tó péye sínú géèmù, yóò dà bíi pé ọkọ̀ rẹ kò sáré mọ́. Wàá fẹ́ dá a padà. Má dá a padà, fún un lọ́sẹ̀ kan. Bí o bá ti wakọ̀ gba àárín àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n rí, o mọ̀ pé ojú ni a fi ń wọn kọ́nà kí ẹsẹ̀ tó lọ sí bíréèkì. Àwòrán tí wọ́n sún jìnnà ló ń mú kí o máa tẹ bíréèkì níbi tí kò yẹ.

Ẹ̀gbọ́n Ajílọ́sùn

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, jẹ́ kí wọ́n tan án níwájú rẹ. Fi àwòrán dúdú kún ojú rẹ̀ láti etí dé etí, lẹ́yìn náà funfun, lẹ́yìn náà pupa. Dúdú á fi ibi tí iná ń jò hàn ọ́, àwọn yòókù á fi píksẹ́ẹ̀lì tó ti kú hàn. Ẹni tó bá ní kò sí iná láti fi dán an wò, kí o máa lọ.

Awakọ̀ Bàsírì *(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)*

Mo ní kí n padà wá jábọ̀. 27 mẹ́ta ni mo rà, 1080p, 100 Hz, ẹ̀yìn wọn ní ihò. Méjì ni mo rí tó jẹ́ irú kan náà gan-an, ẹ̀kẹta kàn jọ wọ́n ni, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú díẹ̀. Mo fi í sí òsì, mo ti ń gbàgbé. Àyè ìjókòó méjì ni mo san fún wọn títí dé Adó. Awakọ̀ náà bi mí bóyá wọ́n máa jẹun lọ́nà.

Ọ̀gá Òkè-Ìlà jó ìdúró náà fún mi. 134 ló gbà, wọ́dúróòbù ṣì ń ṣí. Ìyàwó mi ti béèrè ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń bọ̀, Ìyá Sólà, mo sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín nítorí bátìrì kejì.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, ó dà bíi pé kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn. Lánàá ni mo padà sí Spa. Mo rí inú La Source látòkè délẹ̀. Ẹnì kan tún gbá mi níbẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo rí i bó ṣe ń bọ̀.