Owó àtúnṣe àdúgbò tí ọ̀nà márosẹ̀ bàjẹ́ ní Amẹ́ríkà: ọwọ́ ta ni ó ń bọ́ sí?

Ará Adó: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ya owó sọ́tọ̀ láti tún àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọ̀nà márosẹ̀ là já ṣe. Ṣé àwọn tí wọ́n lé kúrò ni wọ́n ń san án fún? Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà ládùúgbò wa, onílé nìkan ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀; àwọn ayálégbé tí ó ń tajà níwájú ilé kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Rárá, kì í ṣe àwọn ni wọ́n ń san án fún. Lábẹ́ òfin ọdún 1956 tí Ààrẹ Eisenhower buwọ́ lù, ìjọba àpapọ̀ ń san ìdá 90 nínú 100 owó ọ̀nà náà, nítorí náà ìpínlẹ̀ tí ìdá 10 péré kàn kò fi bẹ́ẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gba ibi tí ilẹ̀ kò wọ́n, tí ẹnu àwọn ará ibẹ̀ kò sì tólẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àdúgbò aláwọ̀ dúdú bíi Rondo ní ìlú St. Paul àti Overtown ní ìlú Miami ṣe tú ká. Ní New Orleans, wọ́n hú àwọn igi ńlá àárín òpópónà Claiborne, wọ́n sì gbé afárá lé ojú ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe fàájì. Ọdún 1970 ni òfin kan ṣoṣo tó so ìrànwọ́ fún àwọn tí wọ́n lé kúrò mọ́ gbogbo iṣẹ́ tí owó ìjọba àpapọ̀ bá wà nínú rẹ̀, tó sì ka ayálégbé mọ́ ọn, jáde. Ní ti owó àtúnṣe tí ẹ bèèrè, òfin ọdún 2021 ya bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún ọdún 5, ti 2022 fi nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta kún un, ṣùgbọ́n ní 2025 wọ́n gba èyí tí wọn kò tíì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ nínú owó ti 2022 padà. Ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìlú àti àwọn àjọ ló ń gbà á, fún ètò iṣẹ́ àti fún iṣẹ́ gan-an.

Ìyá Ìdó: Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé bí ilẹ̀ bá ti dára tán, owó ilé á gòkè, àwọn ọmọ àdúgbò gan-an kò sì ní lè gbé ibẹ̀ mọ́. Ní ti wa, abala 29 Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 kò san ju iye ilé, irè oko àti owó ilẹ̀ tí ènìyàn san ní ọdún tí ìjọba gba ilẹ̀ náà lọ. Ọjà tí ó bàjẹ́ kò sí níbẹ̀. Ará Adó, kí wọ́n tó fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé ni kí ẹ ti kọ orúkọ gbogbo ìsọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà síwájú àwọn tó ń ṣírò.

Ará Adó: Ẹ ṣeun, mà. Apá kejì ọ̀nà náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. A ó kó ìwé náà jọ kí wọ́n tó dé.