Ìyàwó mi fẹ́ fi ẹ̀mí gígùn pa mí

Bàbá Ṣèyí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, kíkà ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti sú mi.

Ẹni ọdún 56 ni mí, mò ń ta páàtì mọ́tò ní Gáàtì n'Íbàdàn. Ọdún 27 rèé tí èmi àti Ìyá Ṣèyí ti ń bá a bọ̀. Obìnrin dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àfi bí ó ṣe bọ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan nínú oṣù kẹta, tí wọ́n ń fi fídíò àwọn arúgbó Japan ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n ní erékùṣù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Okinawa, tí àwọn èèyàn ti ń lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Láti ìgbà náà ni mi ò ti mọ ilé mi mọ́.

Iyọ̀ ti kúrò ní ìdáná. Inú wọ́dúróòbù ló wà, lábẹ́ aṣọ òkè tí a fi ṣe ìgbéyàwó. Ẹ gbọ́ o, iyọ̀! Màgí ti di àwátì. Irú ló ń dà sí gbogbo nǹkan, títí kan ọbẹ̀ ata tí a fi ń jẹ ìrẹsì. Àmàlà mi ò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ mọ́. Ó ní àwọn ará Okinawa kì í jẹun yó, pé bí ikùn bá ti kún dé ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, wọ́n á ṣíwọ́. Mo bi í pé ta ló wá fi òṣùwọ̀n sí ikùn tèmi? Kò dáhùn, ó kó abọ́ lọ.

Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí, ó ti dúró lé mi lórí pẹ̀lú bàtà kànfáàsì lọ́wọ́, ó ní ká lọ rìn. Ajá àdúgbò ò gbó wa mọ́, wọ́n ti mọ̀ wá. Ìyàwó àbúrò mi wá kí wa láti Òṣogbo lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó yọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín ò yá ni?" Ojú tì mí.

Ebi yìí ti wá wọ inú òwò. Lánàá mo ń na béárìn sí oníbàárà, ó já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí wọ gọ́tà. Béárìn ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà! Oníbàárà bínú lọ. Ta ló máa san án? Okinawa?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe lè bá obìnrin yìí sọ ọ́ tí kò fi ní dìjà?

Alhaji Gbàdébọ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Bàbá tó bí bàbá mi ní Ìbàràpá, iyán ọ̀sán, iyán alẹ́, pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, ọdún 98 ló lò. Kò mọ ọ̀nà Okinawa. Ẹ ní kó gbé iyọ̀ jáde, ẹ̀yin lọkọ.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ẹ ti yẹ bípí yín wò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí? Mélòó ló jẹ́?

Adéọlá ará London: Alhaji, ẹ ka iyán, ẹ ò ka ẹsẹ̀. Báwo ni bàbá àgbà ṣe ń dé oko? Ṣé ọ̀kadà ló ń gbé wọn? Dókítà kan wà níbí tó ń jẹ́ Jerry Morris, ó yẹ àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì wò. Dírébà á jókòó látàárọ̀ dalẹ́, kọ̀ńdọ́ á máa gun àtẹ̀gùn, á tún sọ̀ kalẹ̀, nítorí owó ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì kan náà, ìlú kan náà, àrùn ọkàn ń mú àwọn dírébà ju àwọn kọ̀ńdọ́ lọ. 1953 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Èmi gan-an wa bọ́ọ̀sì níbí fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí mo fi máa kúrò, bí mo bá tẹ̀ so okùn bàtà, mo ń mí hẹlẹ. Bàbá Ṣèyí, ẹni tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, dírébà ni.

Bàbá Ṣèyí: Arákùnrin London, mi ò jókòó lásán o, mò ń dìde mú ọjà. Mi ò sì sanra. Alhaji, ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ mi yé yín.

Ìyá Adùnní: Ẹ máa gbé e pọ̀n. Ẹ̀yin ọkùnrin ò mọ ẹni tó fẹ́ràn yín. Kò sẹ́ni tó dín àmàlà tọkọ tèmi kù. Èmi gan-an ni mo máa ń bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀ fún un, mo ń wá ìyìn. 2019 ni rọpárọsẹ̀ gbé e dè. Ṣíbí ni mo fi ń fún un lẹ́kọ báyìí, tó bá ti ṣàn sí àgbọ̀n mo á nù ún, á wá máa wo ògiri kí ojú wa má bàa ṣe mẹ́rin. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní àwọn á máa fowó ránṣẹ́, oṣù méjì péré ni wọ́n fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ọjọ́ mìíràn.

Sọjí Amúlùúdùn: Kádàrá ni gbogbo ẹ̀. Obìnrin Faransé kan wà, Jeanne Calment, ọdún 122 ló lò kó tó kú ní 1997, sìgá sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin jẹun.

Adéọlá ará London: Ẹnì kan jẹ tẹ́tẹ́, gbogbo àdúgbò á wá máa ta á? Wọ́n tọpa àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àádọ́ta ọdún, láti 1951. Àwọn tó ń fa sìgá títí fi bí ọdún mẹ́wàá kú ṣáájú àwọn tí kò fà á rí. Kí ẹ sì bi Alhaji, àwọn àbúrò bàbá àgbà wọn tó kú ní ẹni 50 ọdún ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń fi tiwọn ṣe àpẹẹrẹ.

Sọjí Amúlùúdùn: Ẹ̀yin ará London, búrẹ́dì inú fíríìjì lẹ̀ ń jẹ, ẹ fẹ́ wá kọ́ wa lóúnjẹ.

Alábòójútó: Ẹ má bú ara yín níbí o.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi: Bàbá Ṣèyí, ìbéèrè mi ṣì wà nílẹ̀, sà. Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí t'àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan péré, tòun ti èyí tó ti wà nínú màgí, búrẹ́dì àti Indomie. Ọgbọ́n ni ìyàwó yín fi irú ṣe, àmọ́ kó yẹ irú náà wò, torí àwọn kan ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́.

Bàbá Ṣèyí: Nọ́ọ̀sì, bípí kọ́ ni mo gbé wá síbí, iyọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má bàa ní mo ṣàfojúdi: mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú oṣù kejì, wọ́n ní 178/112. Wọ́n fún mi ní amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara mi yá, orí ò fọ́ mi, mo bá fi í sílẹ̀. Oògùn àlòìdábọ̀ ò dáa fún kíndìnrín. Ìyá Ṣèyí rò pé mò ń lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn.

Ìyá Adùnní: Há! Oṣù kejì ni bípí, oṣù kẹta ni iyọ̀ wọ wọ́dúróòbù. Ẹ wá ní WhatsApp ló fà á!

Alhaji Gbàdébọ̀: Mi ò mọ̀ pé bípí wà ńbẹ̀ o. Ẹ máa mu omi ewúro.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi: Alhaji, ẹ dákun. Bàbá Ṣèyí, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọ́ni lórí. Oògùn ló jẹ́ kó rọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a fi sílẹ̀ gan-an ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ sọ fún mi, béárìn yẹn, ọwọ́ wo ló ti bọ́? Báwo lọwọ́ náà ṣe rí?

Bàbá Ṣèyí: Ọwọ́ ọ̀tún. Ó kàn kú tipiri, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ètè mi náà wúwo díẹ̀, ọmọṣẹ́ mi ní òun ò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi lọ. Mo mu mínírà, mo ní ebi ni.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi: Bàbá, ẹ dìde nílẹ̀ báyìí. Rọpárọsẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn yẹn. Bó ti lọ, ó lè padà lónìí. Ẹ má lọ sí kẹ́míìsì, ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ẹ má sì wa mọ́tò fúnra yín. Ẹ má kó oògùn tó kù mì lẹ́ẹ̀kan náà láti fi dí èyí tẹ́ ẹ fò. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ọwọ́, ètè, oògùn tẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Bàbá Ṣèyí: Oníbàárà kan ń bọ̀ wá gba gíábọ́ọ̀sì láago méjì. Tó bá ti lọ.

Ìyá Adùnní: Gíábọ́ọ̀sì! Ta ló ní nọ́ńbà ìyàwó ọkùnrin yìí?

Alábòójútó: Èmi. Ẹgbẹ́ aláṣọ kan náà ni òun àti ìyàwó mi. Mo ti pè é.

Bàbá Ṣèyí: Ta ló pe Ìyá Ṣèyí? Ó ti dé ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ nǹkan kan, ilẹ̀kùn ló ń tì.

Adéọlá ará London: Ẹ tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n.

Bàbá Ṣèyí: A wà lórí ìlà. 186/114. Wọ́n ní ká lọ ya àwòrán orí. Páálí oògùn wà nínú báàgì rẹ̀, ó ti ka èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́sàn-án ni. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi: Ẹ ṣeun, sà. Bí ìlà bá pẹ́, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì iwájú, ẹ tún ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn sọ.

Alhaji Gbàdébọ̀: Ọlọ́run á dá yín padà láyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí, kó fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí èmi nìkan.