Àlàárì di àwọ̀ bíríkì nínú fọ́tò tí mo tẹ̀ jáde nílé

Ìyá Bàṣírà, Tanke:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbà mí. Ìlọrin ni mo wà, inú ilé ni mo ti ń tẹ fọ́tò fáwọn èèyàn. Ọ̀fà ni ìgbéyàwó yìí ti wáyé: àlàárì ni ẹbí ìyàwó wọ̀, ẹtù ni ti ọkọ. Lójú laptop mi, gbogbo ẹ̀ ń dán yinrin. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, àlàárì di bíríkì, ẹtù dúdú bí èédú. Àlhájà tó ni iṣẹ́ wò ó títí, ó ní, "Ta ló wọ aṣọ ọ̀fọ̀ wá síbi ìnáwó mi?" Ẹnìkan ní kí n fi kún pupa. Mo fi kún un, ojú ìyá ìyàwó ló pọ́n bí ẹyìn. Pépà dídán mẹ́fà ti lọ. Níbo ni mo ti ṣì í?

Bàbá Onífọ́tò, Ọ̀fà:
Má fọwọ́ kan pupa mọ́. Ìmọ́lẹ̀ laptop rẹ ńkọ́? Bó bá lọ sókè pátápátá, irọ́ ló ń pa fún ọ. Pépà kò níná nínú. Jókòó nítòsí fèrèsé, gbé pépà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé funfun lórí laptop, kó o máa dín ìmọ́lẹ̀ kù títí méjèèjì á fi fẹ́ jọra. Kó o sì ṣe nozzle check, ìyẹn ìlà ìdánwò tí príńtà máa ń tẹ̀ láti fi hàn bóyá ihò íńkì kan ti dí. Bí ìlà magenta, íńkì pupa inú príńtà, bá já, ibẹ̀ ni pupa rẹ lọ.

Kúnlé, Òmù-Àrán:
Màmá, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yan irú pépà. Ó ń ṣe mí bíi pé "plain paper" ló wà níbẹ̀. Pépà dídán kì í mu íńkì bíi pépà lásán. Ẹ wá profile ICC, fáìlì tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa jáde lórí pépà, èyí tí àwọn tó ṣe pépà yẹn ṣe fún irú príńtà yín. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí Photoshop nìkan bójú tó àwọ̀, kẹ́ ẹ pa ti príńtà. Bí méjèèjì bá jọ ń ṣe é, ẹni méjì ló ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ kan yẹn.

Ìyá Bàṣírà:
Kúnlé, àfi bíi pé o wà nílé mi. Plain paper ni! Magenta náà já níbi méjì, mo fọ orí príńtà tí íńkì ń gbà jáde lẹ́ẹ̀kan, ó pé. Ẹtù ti láró nínú báyìí. Àmọ́ lálẹ́, lábẹ́ gílóòbù, fọ́tò pọ́n. Láàárọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Bàbá Onífọ́tò:
Ti àárọ̀. Gílóòbù yẹn ń fi tirẹ̀ kún un ni. Fi fọ́tò sílẹ̀ dọjọ́ kejì kí íńkì gbẹ dáadáa kó o tó dá a lẹ́jọ́. Íńkì wo lò ń lò?

Ìyá Bàṣírà:
Kì í ṣe ti àwọn tó ṣe príńtà. Títì Taiwo níbí ni mo ti rà á, torí owó rẹ̀ wálẹ̀.

Kúnlé:
Hà, Màmá. Profile yẹn kò mọ íńkì yẹn rí.

Ìyá Bàṣírà:
Mo ti gbọ́, mo máa pààrọ̀ rẹ̀. Mo yá àlàárì gan-an lọ́wọ́ Àlhájà, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Ó ṣì kù díẹ̀.

Bàbá Onífọ́tò:
Yóò kù díẹ̀ ni. Pupa kan wà tí íńkì mẹ́rin inú príńtà kò lè dé. Àlhájà ńkọ́, ṣó gbà á?

Ìyá Bàṣírà:
Ó gbà á, ó ní kí n tẹ ogún sí i. Owó pépà mẹ́fà yẹn ni kò dá sí.