Ṣé ìwé kíkọ lè wo ọgbẹ́ ọkàn?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, láti ìgbà tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ mí ni oorun ti dá lójú mi, ṣé òótọ́ ni pé kíkọ ìrora ẹni sílẹ̀ ń mú ọkàn fúyẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Nínú ìwádìí tí James Pennebaker àti Sandra Beall tẹ̀ jáde lọ́dún 1986, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣẹ́jú 15 kọ̀wé lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 4. Inú àwọn tó kọ nípa ìbànújẹ́ wọn kọ́kọ́ bàjẹ́ sí i, àmọ́ nígbà tó yá, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn mọ́.

Ìdáhùn: Àwòrán ni tèmi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ tí kò jáde, èédú ni mo fi pa bébà dúdú látòkè délẹ̀. Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n àyà mi rọlẹ̀.

Ìdáhùn: Bí àìsùn náà bá ń bá a lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà rí yín.